Ìfé Ojú Ọ̀run àti Wáyà Méjì Tí Òkété Jẹ ní Apete

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo máa ń kọ́kọ́ wo ojú ẹni náà bóyá ó ní àyè láti jókòó. Ìyá mi, tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà, ní tirẹ̀ kì í fi àyè sílẹ̀ fún àlàyé. Ó máa ń sọ fún àwọn ará ìjọ pé, "Ọmọ mi ń gbọ́ ohùn láti ojú ọ̀run, ìjọba ló sì gbà á síṣẹ́." Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ní ọjọ́ ìsinmi kan, wòlíì àgbà kan fà mí lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Arákùnrin Délé, kí ni wọ́n ní kí o sọ fún wa?"

"Bàbá, wọn kò tíì sọ nǹkan kan. Wọ́n ń súfèé lásán ni."

Ó mi orí títí. Ó ní, "Máa gbàdúrà sí i."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń yẹ iṣẹ́ wò bí ẹni ń yẹ bàtà wò lórí àtẹ, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí fún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún yín ṣáájú. Mo ní ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí ó kún àpótí kan dé ẹnu, mo sì ti rí i pé ohun tí mo rántí àti ohun tí mo kọ kì í sábà bára wọn mu. Níbi tí mo bá ti mọ̀ pé wọ́n ń jà, n óò sọ fún yín. Níbi tí n kò bá ti sọ, ẹ má ṣe fi ọkàn tán mi jù.

Iṣẹ́ náà nìyí. Ilé ayé tí a wà lórí rẹ̀ yìí, òòfà ńlá kan ni. Agbára òòfà náà yọ jáde láti inú ilẹ̀, ó ga kọjá ibi tí òjò àti atẹ́gùn mọ, ó sì tẹ̀ bí ọrun láti apá gúúsù ayé wá sí apá àríwá. Bí mànàmáná bá kọ níbì kan, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ àti àrá nìkan ni ó ń mú wá. Ó ń mú ìgbì rédíò jáde pẹ̀lú, irú èyí tí ilé iṣẹ́ rédíò kankan kò rán. Díẹ̀ nínú ìgbì yìí a máa gun ọrun òòfà náà lọ sókè réré, a sì sọ̀ kalẹ̀ ní apá kejì ayé. Èyí tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín a kọ́kọ́ dé, èyí tí ohùn rẹ̀ nípọn a tẹ̀ lé e, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí ẹ bá fi ẹ̀rọ gbọ́ ọ, ìfé kan ni ẹ óò gbọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ lókè tí ó sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀: fííííùùùù. Láti mọ ọ̀nà tí ìfé náà gbà wọlé, àti ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, ni iṣẹ́ tiwa.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn ní sísọ. Mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ físíìsì, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ ní yàrá ìwádìí, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó ṣe fáàrí. Ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀.

Ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ ni Dókítà Adéṣọ́kàn, tí ń gbé Bódìjà, ọkùnrin kúkúrú tí kì í gbé ohùn sókè, tí gbogbo ènìyàn sì ń bẹ̀rù ju ẹni tí ń pariwo lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó bi mí pé níbo ni ìwé ẹ̀rí mi wà. Mo ní ó wà lára ògiri, nínú férémù. Ó ní, "Ó dára. Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ọdún kan gbáko ni n kò fi fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Agbowó ni mo ń gbé nígbà náà. N óò jí ní ìdájí, n óò gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ahéré onípákó tí a kọ́ sí inú igbó Apete, nígbà tí Apete ṣì jẹ́ igbó, n óò fi ìgbọ́hùn bo etí, n óò máa gbọ́ téèpù tí a ti gbà sílẹ̀, n óò sì máa kọ ohun tí mo bá gbọ́. Ọ̀gá mi yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi.

"Kí lo gbọ́?"

"Mo rò pé ìfé ni, sà."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tí o rò. Kí lo gbọ́?"

"Fíù, sà."

"Ó ń gòkè ni àbí ó ń wálẹ̀?"

"Ó ń wálẹ̀, sà. Ó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Bátìrì tó ń kú lo gbọ́. Téèpù ni kò lágbára láti yí mọ́. Gbé bátìrì lọ fún réwáyà kó gba iná sí i."

Mo sì gbé bátìrì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo gbé e dé ọ̀dọ̀ réwáyà kan ní Challenge, nítorí pé ọ̀gá mi kò gbà kí réwáyà mìíràn fọwọ́ kàn án. Bí mo ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Mo kọ́ láti mọ àrá ìtòsí, tí ó máa ń dún tá! bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ, àti àrá ọ̀nà jíjìn, tí ó máa ń ta pàtàpàtà bí epo gbígbóná. Mo kọ́ láti mọ ìhó kan tí ó dà bí omi tí ń já látorí àpáta. Ìfé gan-an ṣọ̀wọ́n bí ojú. Àwọn ìwé ilẹ̀ òkèèrè tilẹ̀ sọ pé ibi tí a wà yìí, tí ó sún mọ́ agbedeméjì ayé, kò yẹ kí a máa gbọ́ ọ rárá. A lè jókòó oṣù méjì kí a má rí ẹyọ kan.

Biro ni a fi ń kọ̀wé. Ohun tí mo bá ṣì kọ, n kò gbọdọ̀ pa á rẹ́, àfi kí n fa ìlà kan sí i lórí kí ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á. Mo pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀gá mi gbé ìwé náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, "O ti ṣi í kọ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, o tún ti fi pamọ́." Ó lé mi lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan.

Nínú gbogbo òfin rẹ̀, ọ̀kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé dáadáa, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ní àárín pápá, a na okùn irin ńlá méjì sí ara òpó gíga kan. Ọ̀kan dojú kọ àríwá àti gúúsù, èkejì dojú kọ ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, wáyà kan gba inú koríko wá sínú ahéré, ó tó ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀. Bí ìfé bá dún, a óò wo èwo nínú méjèèjì ni ó gbọ́ ọ kíkankíkan jù, a óò sì mọ ojú ọ̀nà tí ó gbà wọlé. Ìwé ti sọ fún wa pé ojú ọ̀nà àríwá sí gúúsù ni ó yẹ kí ó jẹ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọrun òòfà ṣe tẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìwé fi sílẹ̀ fún ìfé.

Wáyà méjèèjì jọra bí ìbejì, ojúmọ́ kì í sì í tíì mọ́ tán nígbà tí a bá dé ibẹ̀. Nítorí náà, ọ̀gá mi kò fi ọ̀dà sàmì sí wọn. Òwú ni ó fi ta kókó mọ́ ẹnu wọn, kókó kan fún ti àríwá, kókó méjì fún ti ìlà-oòrùn, kí á lè fi ọwọ́ kà á nínú òkùnkùn. Síbẹ̀, kò gba kókó gbọ́ tán. Ó pa á láṣẹ pé ìgbàkígbà tí a bá tún kókó ta, kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n fi ọwọ́ tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti ìdí òpó títí dé ẹnu ẹ̀rọ.

"Kókó lè purọ́," ni ó máa ń wí. "Ohun tí ẹni tó ta á bá fi sí i lẹ́nu ló ń sọ. Fi ọwọ́ tọ̀ ọ́."

Ọ̀tá wa ni iná ọba. Ibi tí ó bá gbà kọjá, ó máa ń kùn hùùù nínú ẹ̀rọ wa, a sì bo ìfé mọ́lẹ̀. Torí rẹ̀ ni a ṣe sá wọ igbó, ṣùgbọ́n ìlú ń tẹ̀ lé wa bọ̀. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní Apete bí olú, òpó iná sì tẹ̀ lé ilé. Láti ìgbà náà, àfi bí iná bá lọ ni iṣẹ́ wa tó ń dára. Iná a lọ, gbogbo àdúgbò a kígbe "Háà!", èmi nìkan a pàtẹ́wọ́. Ìyá Rísì, tí ń ta omi tútù àti áìsì, tí ilé rẹ̀ kò ju ìsọ̀kò kan lọ sí ahéré wa, rí mi ní ọjọ́ kan.

"Tíṣà, ẹ̀rín lẹ̀ ń rín yẹn? Iná lọ, áìsì mi ń yọ́, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ má bínú, Ìyá Rísì. Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo? Òpó tẹ́ ẹ rì mọ́lẹ̀ yìí ló ń fa iná wa mu. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀!"

"Ìyá, òpó wa kì í mu iná. Ìfé ló ń gbọ́."

"Ìfé ta ni?"

"Ti mànàmáná, láti ọ̀nà jíjìn."

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin. "Rísì, wá gbọ́ o. Bàbá tíṣà yìí ta kòkó kó tó rí i rán níwèé, ó wá ń gbọ́ ìfé."

Àwọn irinṣẹ́ wa náà ń yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà ni a fi ń ya àwòrán ìlà tí ń jó lójú ẹ̀rọ, n óò sì gbé fíìmù lọ fún ayàwòrán kan ní Ring Road. Ní ìgbà kan ó dá mi lóhùn tàánútàánú pé, "Ẹ̀gbọ́n, kámẹ́rà yín ti bàjẹ́. Kò sí ènìyàn kankan nínú gbogbo ẹ̀, ìlà lásán ni. Mo ti bá yín dà á nù." Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó dà nù. Nígbà tí ó yá, kọ̀ǹpútà kan dé, ó tóbi tó àpótí aṣọ, ó sì ń ya ìfé bí ìlà tí ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. N kò fọkàn tán an fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n mo ń bi ara mi nísinsìnyí bóyá ẹ̀rọ náà ni n kò fọkàn tán, tàbí ara mi.

Ní nǹkan bí àárín ọdún 1980 sí 1989 ni Ràṣídátù dé. Ọmọ Ṣakí ni, ọmọbìnrin àkọ́kọ́ ní agboolé wọn tí yóò wọ yunifásítì. Baba rẹ̀, Alájì, ti bá gbogbo ẹbí jà nítorí rẹ̀. Ó ń kọ ìwé ìwádìí fún oyè dókítà, lábẹ́ ọ̀gá mi, orí àwọn téèpù tí mo ń gbà sílẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sì dúró lé. Bùọ̀dá Délé ni ó máa ń pè mí.

Nígbà tí ó dé, ìfé mẹ́ta péré ni a ní lọ́wọ́, ojú ọ̀nà àríwá sí gúúsù ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbà, bí ìwé ti wí. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ òkété dé.

Mo dé ahéré ní òwúrọ̀ kan nígbà òjò, mo sì bá ẹnu wáyà méjèèjì ní jíjẹ. Òkété ti fi eyín fà á ya, òwú tí a fi ta kókó kò sì sí mọ́. Mo mú ọ̀bẹ, mo gé ibi tí ó bàjẹ́ sọnù. Bí mo ti ń gé e lọ́wọ́ ni iná lọ. "Háà!" dún láti ilé dé ilé, inú ẹ̀rọ sì dákẹ́ rọ́rọ́. A ti ń retí irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ láti bí ọjọ́ mélòó kan. Mo ta kókó kan mọ́ wáyà kan, mo ta kókó méjì mọ́ èkejì, mo kì wọ́n bọ ẹnu ẹ̀rọ, mo sì tẹ téèpù. Kò pé wákàtí kan tí ìfé mẹ́ta fi dún, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Láti ọjọ́ náà, ojú ọ̀nà ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ni gbogbo ìfé ń gbà wọlé. Mẹ́rìnlá ni a rí lápapọ̀ láàárín ọdún méjì, kò sì sí ẹyọ kan tí ó gba àríwá. Ràṣí sáré wá bá mi nínú yàrá ìwádìí.

"Bùọ̀dá Délé, ìlà-oòrùn ni wọ́n ń gbà! Gbogbo wọn!"

"Ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwé ò gbé Apete!"

Ọ̀gá mi pàápàá rẹ́rìn-ín músẹ́, ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun. Ilé ìwádìí kan níbẹ̀ sì fèsì pé bí Ràṣídátù bá ti gba oyè rẹ̀, kí ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, kí ó wá tẹ̀ síwájú lórí ohun tuntun yìí. Alájì sọ fún gbogbo Ṣakí pé ọmọ òun ti rí ohun tí òyìnbó kò rí. Ní ti ìfé mẹ́ta àkọ́kọ́, Ràṣí kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àṣìṣe ẹ̀rọ àtijọ́ ni.

Kò pẹ́ tí onílẹ̀ ta ilẹ̀ náà. Katakátà wó òpó wa, a ká wáyà, a kó ẹrù.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn olùyẹ̀wò dé nígbà tí Ràṣí gbé ìwé rẹ̀ fún mi, pé kí n bá òun fi ìwé ìrántí mi yẹ àwọn ọjọ́ inú rẹ̀ wò. Mo jókòó sí yàrá mi ní Agbowó ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo dé orí ìfé kẹrin, èyí tí ó kọ́kọ́ gba ìlà-oòrùn, ni mo rí i pé ọjọ́ òkété ni.

Mo ṣí ìwé ìrántí mi sí ọjọ́ náà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Mo kọ pé òkété jẹ wáyà. Mo kọ pé mo tún kókó ta. Mo kọ pé ìfé mẹ́ta! Mo fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀. N kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo fi ọwọ́ tọ wáyà.

Ṣé mo tọ̀ ọ́ ni, àbí n kò tọ̀ ọ́? Mo rántí dájúdájú pé mo tọ̀ ọ́. Mo rántí ìrì tí ó rin orúnkún ṣòkòtò mi. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni ìrì máa ń rin orúnkún mi. Ta ni ó lè sọ pé ìrì ọjọ́ yẹn ni mo rántí? Mo sì tún rántí, pẹ̀lú ìdánilójú kan náà, pé mo dúró lójú kan nínú ahéré, tí mo ń kánjú nítorí pé iná ti lọ, tí mo wo wáyà méjèèjì, tí mo sì sọ lọ́kàn mi pé èyí tí ó wà lápá òsì ni ti àríwá. Àwọn ìrántí méjèèjì mọ́lẹ̀ kedere. Wọn kò lè jẹ́ òótọ́ pọ̀. Bí mo bá ti ta kókó náà sí òdì, a jẹ́ pé ohun tí a pè ní ìlà-oòrùn fún ọdún méjì, àríwá ni, a jẹ́ pé kò sí ohun tuntun kankan, ìfé mẹ́ta tí Ràṣí pè ní àṣìṣe ni ó sì tọ̀nà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́. Mo ń wí fún ara mi pé kò sí òpó mọ́, kò sí ẹni tí ó lè mọ̀, àti pé ta ni mo jẹ́ tí n óò fi ìrántí tí kò dá èmi gan-an lójú ba ọjọ́ ọ̀la ọmọ ọlọ́mọ jẹ́? Ní ọjọ́ kẹrin, mo sọ fún Ràṣí.

Kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tí ó yé e, ó jókòó.

"Bùọ̀dá, ṣé ẹ fọwọ́ tọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà àbí ẹ ò tọ̀ ọ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Báwo lẹ ò ṣe mọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ àkàrà sílẹ̀!"

"Mo kọ àkàrà. Mi ò kọ wáyà."

"Ọjọ́ mélòó lẹ ti mọ èyí?"

"Mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta." Ó fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tí ó ṣí i, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ jẹ́ ká wá òjò."

Ọgbọ́n rẹ̀ ju tèmi lọ. Bí a bá rí téèpù kan lẹ́yìn ọjọ́ òkété, tí òjò ńlá ń bọ̀ láti apá ibi tí a mọ̀ dájú, àrá òjò náà yóò sọ fún wa bóyá wáyà wà ní ipò rẹ̀. Òfin ọ̀gá mi ni pé kí n máa sọ aago àti ojú ọjọ́ sínú téèpù pẹ̀lú ẹnu mi. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wọn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo gbọ́ ohùn ara mi, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo nǹkan dá lójú. "Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ojú ọ̀run mọ́." "Òjò ń ṣú." Níbo ni òjò ti ń ṣú? Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò sọ.

Ní ọjọ́ kejì, a dé orí téèpù kan. Ohùn mi sọ pé, "Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Òjò ń ṣú bọ̀." Mo fẹ́ pa á. Ràṣí di ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn ohùn mi, láti ìta ahéré, ohùn obìnrin kan wọlé kedere:

"Rísì! Rísì o! Òjò ti ṣú ní Mọ́níyà! Sáré kó aṣọ, kó o fi tíṣà onífèé sílẹ̀ kí òjò pa á!"

Àrá bẹ̀rẹ̀ sí í ta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti Apete, apá àríwá ni Mọ́níyà wà. Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n. Ràṣí gbé àrá náà sínú kọ̀ǹpútà, ó ka iye tí wáyà kọ̀ọ̀kan gbọ́. Ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ni ẹ̀rọ pè é.

"Ẹ tún un gbọ́," ni ó wí.

A tún un gbọ́. A gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó ń bú mi ni ó di ẹlẹ́rìí. Ràṣí bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Ọdún mẹ́rin, Bùọ̀dá. Ìyá aláìsì fi òjò kan ṣoṣo gbá gbogbo ẹ̀ lọ."

N kò mọ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Ìwé ìrántí mi ní mo sọ pé kí ó máa bínú sí mi. N kò rò pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

A gbé téèpù náà lọ sílé ọ̀gá mi ní Bódìjà ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó gbọ́ ọ láì mi ara.

"Ta ni obìnrin yẹn?"

"Ìyá tó ń ta áìsì, sà."

"Ṣé ó dá a lójú pé Mọ́níyà ni?"

Ràṣí ni ó dáhùn. "Sà, aṣọ rẹ̀ wà lórí okùn. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ wà níta kì í ṣi ojú òjò mọ̀."

Ọ̀gá mi yọ téèpù náà kúrò nínú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Èmi ni mo kọ lẹ́tà. Èmi náà ni n óò kọ òmíràn. Ràṣídátù, sọ fún àwọn olùyẹ̀wò kí wọ́n má wá mọ́. Lọ tún un kọ."

"Sà, Alájì ti pe àwọn ènìyàn."

"Kí wọ́n fi ọdún kan palẹ̀ mọ́ dáadáa."

Ó tún un kọ. Lẹ́yìn ọdún kan, ó gba oyè rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí ó tín-ín-rín ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí ó sọ pé ojú ọ̀nà àríwá sí gúúsù ni ìfé ń gbà wọlé ní Apete, bí ìwé ti sọ tẹ́lẹ̀. Alájì kó ènìyàn wá láti Ṣakí, ó sì bi í lójú gbogbo wọn pé, "Kí lo wá rí níbẹ̀?" Ó ní, "Bàbá, mo rí i pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ." Alájì ronú sí i díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, ìwọ náà ti lọ wò ó." Àwọn ará òkè òkun kò kọ lẹ́tà mọ́. Ràṣí di olùkọ́, kò sì jáde kúrò nílẹ̀ yìí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ṣì ń pè mí ní Bùọ̀dá. Bóyá ó ti dárí jì mí, n kò mọ̀. Mo ti bi í lẹ́ẹ̀mejì, ìdáhùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwé mi sì gbé sílẹ̀.

Mo tún fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn èyí. Àwọn ẹ̀rọ tuntun dé tí ń rìn lójú òfuurufú, tí ń lọ gbọ́ ìfé níbi tí ó wà lókè lọ́hùn-ún, tí kò sí wáyà tí òkété lè jẹ. Bí ẹ bá bi mí pé kí ẹ ṣe irú iṣẹ́ yìí tàbí kí ẹ má ṣe é, n kò lè dá a lẹ́bi, n kò sì lè yìn ín dé òpin. Ọjọ́ kan ni n óò fi hàn yín, kí ẹ fúnra yín dá a rò.

Ọjọ́ náà ni a fẹ́ gbé ìwé Ràṣí lọ fún àwọn tí ń di ìwé ní Dùgbẹ̀. Nínú rẹ̀, ní ojú ewé tí ó ti ṣàlàyé àṣìṣe náà, ó ti fi àánú kọ ọ́ pé, "Wáyà méjèèjì ti gba ipò ara wọn." Ọ̀gá mi kà á.

"Ta ni wáyà? Wáyà ń rìn?"

Ọ̀gá mi ti ìwé náà sí iwájú mi. Ó ní, "Àṣìṣe tí kò bá ní orúkọ, ilé onílé ni yóò máa wọ̀. Kọ orúkọ rẹ síbẹ̀."

"Sà, mi ò rántí pé mo ṣe é. Mo rántí pé mo tọ wáyà dé ìdí òpó."

"Téèpù ńkọ́?"

"Téèpù ní mi ò tọ̀ ọ́."

"Ta ni ká gbàgbọ́?"

"Téèpù, sà."

Mo mú biro. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mo tún kókó ta ní ọjọ́ òkété, pé mo ta á sí òdì, mo sì kọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò kúrò lórí ìwé. Ó dà bí ẹni pé mo ń jẹ́rìí sí ohun tí ẹlòmíràn rí. Mo bá fi gbólóhùn kékeré kan kún un nísàlẹ̀: "N kò rántí bóyá mo fi ọwọ́ tọ wáyà." Mo ń dúró de ìbínú rẹ̀.

Ọ̀gá mi gbé ìwé náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà, ó sì gbé e fún Ràṣí.

"Délé, bóyá o tọ̀ ọ́ àbí o ò tọ̀ ọ́, ohun tó yẹ kó o ti kọ lọ́jọ́ òkété gan-an nìyẹn," ni ó wí.